Ohun tí Ràṣídì Kọ Sára Ògiri

Ọdún tí ìjọba kó ilé-iṣẹ́ ọkọ mi lọ sí Àbújá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mi ò lè pe iye ọdún náà, ṣùgbọ́n àbíkẹ́yìn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn nígbà yẹn, òun náà sì ti bímọ báyìí. Látìgbà náà ni mo ti gbé e sínú. Oṣù tó kọjá ni mo wá mọ bó ṣe wúwo tó. Dárà, ọmọ ọmọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Festac ni mo ń gbé títí dòní. Nígbà tí ọkọ mi lọ, ó di oṣù mẹ́ta-mẹ́ta kí n tó rí i. Mo wá ń bá àwọn ará kúlóòsì wa, òpópónà tí ilé wa wà, lọ aṣọ nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé.

Ràṣídì, oníná kan láti Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá, ló fa wáyà síbẹ̀ fún mi. Tí kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́, á wá jókòó sórí àpótí, á máa pa mí lẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń lọ aṣọ. Ọjọ́ mìíràn wà, òun nìkan ni àgbàlagbà tí mo bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́.

Ọjọ́ tó parí iṣẹ́, ó wo àwọn áyọ́ọ̀nù mi, ó ní, "Méjì péré ni kí ẹ máa ki bọ iná o, Màmá Fẹ́mi." Ó yọ pẹ́ńsù létí, ó kọ̀wé sára ògiri lókè sọ́kẹ́ẹ̀tì. "Gbogbo ẹ̀ ló wà níbí. Ṣé ẹ rí i?"

Mo ní mo rí i. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀wé kà. Ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, ojú ń tì mí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń ṣí ìwé orin dání bíi ti gbogbo èèyàn. Àwọn ọmọ mi gan-an ò mọ̀.

Nígbà tí kẹrosíìnì wọ́n, mo gbé sítóòfù oníná wá láti máa fi se sítáàṣì aṣọ. Mo yọ áyọ́ọ̀nù kan, mo ki sítóòfù bọ̀ ọ́ dípò. Lójú tèmi, méjì náà ni. Fíúsì já. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ó tún já. Ó yẹ kí n pe Ràṣídì, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí pé á ní kí n ka ohun tó kọ. Mo wé wáyà tó nípọn síbẹ̀, bí mo ṣe rí i tí àwọn èèyàn ń ṣe. Kò já mọ́. Inú mi dùn.

Ọ̀sán Sátidé kan, mo ń sá aṣọ níta nígbà tí èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láti inú àjà. Yàrá náà jó, aṣọ oníaṣọ jó, iná ran kíṣíìnì Ìyá Ṣadé, aládùúgbò mi. A dúpẹ́ pé kò sí ẹni tó kú.

Kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe Ràṣídì, mo mú àkísà tútù wọlé. Ìkọ̀wé náà ṣì hàn lábẹ́ èéfín. Mi ò mọ ohun tó wí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó máa gbè é. Mo nù ún títí ògiri fi mọ́.

Ràṣídì dé. Ó wo ògiri, ó wò mí. "Màmá Fẹ́mi, ẹ sọ fún wọn. Mo kọ ọ́ fún yín."

Mo ní, "Kí lo kọ? Níbo ló wà?"

Ìyá Ṣadé pariwo mọ́ ọn: "Oníná ayédèrú! Lọ máa tún tọ́ọ̀ṣì ṣe!" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Kò ríṣẹ́ ṣe mọ́ ní kúlóòsì wa. Kò pẹ́, àwọn ará Amúwo náà ò pè é mọ́. Nínú ilé mi, àwọn ọmọ sọ ọ́ di àwàdà. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́, "Iṣẹ́ Ràṣídì nìyẹn." Èmi náà á bá wọn rín in. Mo tún yàrá náà kọ́, mo gbé àpótí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó lé e.

Oṣù tó kọjá, Dárà ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé, ó ń kà á sókè. Sítóòfù kan, fóltì 220, áńpù 10. Ó fi áńpù pín fóltì, ó ní bó ṣe ń dènà iná tó jẹ́ óòmù 22. Ó wá sọ méjèèjì di púpọ̀, ó ní agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 2,200. Ó bọ́ sórí áyọ́ọ̀nù: fóltì 220 náà, áńpù 5. Óòmù 44, wáàtì 1,100.

"Màmá, ẹ ẹ̀ rí i? Èyí tí ìdènà rẹ̀ kéré ló ń fa iná jù."

Mo ní, "Ṣé sítóòfù kan tó áyọ́ọ̀nù méjì ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wáyà tí kò lè gbà ju áyọ́ọ̀nù méjì lọ, bí mo bá ki áyọ́ọ̀nù kan àti sítóòfù bọ̀ ọ́ ńkọ́?"

"Áńpù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn! Màmá, ẹ fẹ́ jó ilé ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín in.

Ọkọ mi ti kú. Àwọn ọmọ mi wà lókè òkun. Mo gbọ́ pé Ràṣídì ń ṣọ́ géètì ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ fún un nílé rẹ̀, àbí ìta gbangba ni kí n ti sọ ọ́? Ìyá Ṣadé àti àwọn tó rẹ́rìn-ín ọjọ́ náà ti kó lọ. Etí ta ni kí n sọ ọ́ sí tí orúkọ Ràṣídì á fi mọ́?

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní Sọ́ńdè tó kọjá, gbogbo àwọn ọmọ mi wà lórí fóònù. Fẹ́mi ní ẹni tó tún ẹ̀rọ ìfọṣọ òun ṣe, iṣẹ́ Ràṣídì ló ṣe. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n dákẹ́. Mo ní, "Ràṣídì kọ ọ́ sára ògiri. Èmi ni mi ò mọ̀wé kà. Èmi náà ni mo nù ún."