Èmi Ni Mo Gbá Tọ́pẹ́ Létí

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó lé lọ́dún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja: kò lọ sílẹ̀, kò jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà yẹ etí ọmọ-ọmọ mi wò, ó bi wá bóyá ẹnì kan ti gbá ọmọ yìí létí rí. Kí n tó mí, Bùkọ́lá ọmọ mi ti dáhùn: "Rárá o, dókítà. Ìyá mi ló ń tọ́jú ẹ̀. Aládùúgbò wa kan ló jẹ́ kó ṣubú." Mo wolẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Sabon Gari, nílẹ̀ Hausa níhìn-ín, ni à ń gbé. Mo máa ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà láàárọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ France Road, Bùkọ́lá sì ń bá wọn ta aṣọ ní ọjà Kantin Kwari títí di ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo ń mójú tó Tọ́pẹ́, ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà náà.

Ìyá Tóyìn, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, jẹ́ olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Òun ló kọ́ mi ní eré kan. Ó gé páálí wẹ́wẹ́, ó kọ ọ̀rọ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ojú, imú, ìkòkò, ilẹ̀kùn. Ọmọ á mú páálí kan, á kà á, á fi ẹsẹ̀ kan fò lọ fọwọ́ kan ohun tó kà.

"Màmá, eré ni o," ó sọ fún mi. "Bó bá ṣì í, ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ ní kó tún un mú."

Tọ́pẹ́ ń fò bíi tata. Ó fẹ́ràn eré náà gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Ìyá ọkọ Bùkọ́lá ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó wá kẹ́yìn, ó fi mí ṣẹ̀sín lójú gbogbo ará ilé: "Ìyá Bùkọ́lá, ṣé ọmọ Hausa lẹ wá ń tọ́ fún wa ni?" Torí Hausa ni Tọ́pẹ́ fi ń dá wa lóhùn. Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí. Mo búra pé kí obìnrin náà tó dé, ọmọ yìí á máa ka Yorùbá, á sì máa sọ ọ́.

Ni mo bá fi òfin tèmi kún eré. Bó bá sọ Hausa, ṣíbí onígi á bá a níka. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀ẹ̀kan ni mo lù ú. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ìka rẹ̀ ti wú. Mo ń já a léèékánná ní itan. Tí mo bá ti gbé páálí jáde báyìí, ọmọ á tọ̀ sára. Síbẹ̀, mo ṣì ń pè é ní eré.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó mú páálí imú. Ó wò ó títí, ojú rẹ̀ tàn. Ó fọwọ́ kan imú ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ké: "Hanci!" Bí Hausa ṣe ń pe imú nìyẹn. Ó kà á, ẹ jọ̀ọ́. Ó kà á, ó sì yé e. Kí ni mo tún ń fẹ́?

Mo fọ́ ọ létí. Ọwọ́ tó ń gbé ìkòkò ìrẹsì kaná ni mo fi fọ́ ọ. Orí rẹ̀ lọ gbá férémù ilẹ̀kùn, ó ṣubú lulẹ̀. Mo fà á dìde, mo pè é, kò dáhùn, mo tún gbá etí kan náà. Ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín jáde níbẹ̀, ó ṣàn dé ọrùn.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ti òsì la fi ń fà á mọ́ra. Èmi, méjèèjì ni mo fi nà án.

Mo nu ẹ̀jẹ̀ náà, mo pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Mo na ìka sí i: "O bá sọ fún ẹnikẹ́ni, wàá rí i." Nígbà tí Bùkọ́lá dé, mo ní ọ̀dọ̀ Ìyá Tóyìn ló ti ń fò, ibẹ̀ ló ti ṣubú, obìnrin náà ò sì mójú tó o.

Bùkọ́lá ò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ó fa ọmọ odó yọ. Ìyá Tóyìn ń sá aṣọ lọ́wọ́. Bùkọ́lá là á mọ́ ọn, èyí àkọ́kọ́ bà á lọ́rùn ọwọ́, mo gbọ́ bí eegun ṣe dún. Bùkọ́lá gbé e ṣubú, ó ń gbá orí rẹ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì.

"Haba! Haba, Màmá Tọ́pẹ́! Ṣé o fẹ́ pa á ni?" làwọn ará ilé ń ké. Èèyàn márùn-ún ló tó já wọn.

Ìyá Tóyìn gbójú sókè sí mi, ẹnu rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀. "Màmá, ẹ sọ̀rọ̀ o! Ṣé mo tilẹ̀ wà nílé lọ́sàn-án? Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀!"

Mo ní, "Ọlọ́run ló mọ̀."

Lọ́sẹ̀ yẹn ni Ìyá Tóyìn kó lọ sí àdúgbò Tarauni. Wọ́n ní ọwọ́ náà ò nà dáadáa mọ́. Tọ́pẹ́ ò sì fi etí òsì gbọ́ràn mọ́. Bí wọ́n bá ṣí ìwé níwájú ẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Bùkọ́lá rò pé ẹ̀rù ìṣubú yẹn ni. Á kúnlẹ̀ kí mi: "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ̀ ń bá mi tọ́ ọ, Màmá." Mo máa ń dáhùn pé kò tọ́pẹ́.

Ọjọ́bọ̀ la ó padà sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé ọmọ mi ni kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún, àbí kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ ní Tarauni? Bí mo bá sọ̀rọ̀, Bùkọ́lá á kó ọmọ ẹ̀ lọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lánàá, Tọ́pẹ́ fi Hausa dá mi lóhùn, ọwọ́ mi sì ti gòkè kí n tó mọ̀. Lọ́la, bí ìyá rẹ̀ bá ń lọ sọ́jà, ọ̀dọ̀ mi náà ni yóò tún fi í sí.