Wáyà Fáànù Tí Mo Gé

Sukúrù kẹta ni mò ń dè lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ fún Muideen pé kó má dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́, kó wọlé wá wo ọwọ́ mi. Ilẹ̀ yàrá Súmbọ̀ ní Ìkòsí ni mo jókòó sí. Mo na ẹsẹ̀ méjèèjì, mo gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò tóbi ju búrẹ́dì onígun mẹ́rin lọ sáàárín wọn. Òógùn ń bọ́ lójú mi. Súmbọ̀ ní òun fẹ́ tan fáànù sí mi lára, mo ní kó má tàn án. Mo ní, “Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbọ́ mi. Irọ́ ni mo pa fún yín, ó sì ti pé oṣù mẹ́jọ. Bí mo bá de kọ̀ǹpútà yìí tán tí n kò tíì sọ òótọ́, ẹ má jẹ́ kí n jáde.” Ohun tí mo sọ fún wọn ni mò ń kọ síbí, kí gbogbo ẹni tó mọ Shittu oníkọ̀ǹpútà lè kà á.

Èmi kì í ṣe ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ìwé ni mo fi kọ́ ọ. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́ ní Kétu, ilé-ẹ̀kọ́ kan lókè òkun ń fi ẹ̀kọ́ rédíò àti iná ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ póòsì. N ó dáhùn ìbéèrè wọn, n ó fi ránṣẹ́ padà. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe é, n kò sì pa ìdánwò kankan jẹ. Láti ìgbà náà ni mo ti kórìíra ìfiṣòfò bí ẹní kórìíra olè. Sukúrù tó bá já bọ́, n ó ṣà á. Wáyà tí kò gùn ju ìka lọ, n ó ká a sínú agolo. Mo máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ wí pé wọ́n ń da ohun tó dára nù. Mo rò pé ìwà rere ni. Ẹ wá wo ibi tó gbé mi dé.

Súmbọ̀, tó ń pè mí ní Daddy bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe máa ń pe àgbà, ló bẹ̀ mí níṣẹ́. Ó ń ka ìwé sórí ẹ̀rọ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ojú wọn kò ríran, inú yàrá kan ṣoṣo tó ń gbé náà ló sì ti ń kà á. Kọ̀ǹpútà tó ní nígbà náà ń hó bí ẹni ń din àkàrà, máìkì rẹ̀ sì ń gbé ariwo náà mọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní, “Daddy, wọ́n ti dá iṣẹ́ mi padà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ta ló ń lọ ata lẹ́yìn mi. Mo fẹ́ kékeré tó máa gba orí tábìlì yìí, tí kò ní pariwo. Ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ wọ́n o.” Mo jókòó, mo kọ ohun tí a ó rà sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí kì í gbóná púpọ̀ ni mo yàn, nítorí ohun tí kò bá gbóná kò nílò fáànù tó ń sáré. Fáànù ńlá tó ń yí jẹ́jẹ́ ni mo fi lé e lórí, nítorí fáànù kékeré gbọ́dọ̀ sáré kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó lè tó, eré yẹn ló sì ń di ariwo. Ibi tí yóò máa tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ sí, mo yan irú èyí tí nǹkan kan kì í yí nínú rẹ̀. Àpótí rẹ̀, mo yan èyí tó ní ihò káàkiri ara. Títí débẹ̀, iṣẹ́ òtítọ́ ni.

Ó wá ku páwà páàkì, àpótí irin kékeré tó ń gba iná lára ògiri tó sì ń pín in fún gbogbo ara kọ̀ǹpútà. Owó tí mo lè fi ra tuntun wà nínú ohun tí Súmbọ̀ kó fún mi. Ṣùgbọ́n mo ní ògbólógbòó kan nínú ìsọ̀ mi, mo yọ ọ́ lára kọ̀ǹpútà kan tó ti kú. Mo dán an wò, ó ń ṣiṣẹ́. Mo ní kí ló dé tí a ó fi ra tuntun nígbà tí eléyìí ṣì ní ẹ̀mí? Mo nu eruku ara rẹ̀, mo fi í sínú ọ̀rá tuntun, mo sì sọ fún Súmbọ̀ pé titun ni. Owó tó ṣẹ́ kù, mo fi ra mẹ́mórì tó tóbi sí i fún un. N kò jẹ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn gan-an ni mo fi ń tan ara mi jẹ.

Àmọ́ fáànù inú ògbólógbòó náà ń pariwo. Felix, tó ń ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní ìsọ̀ tó tẹ̀ lé tèmi ní Kétu, gbọ́ ọ, ó bú sẹ́rìn-ín. “Daddy, eléyìí ń kọrin o! Ẹ gé wáyà fáànù ẹ̀ jàre. No fan, no noise. Ta ló fẹ́ mọ̀?” Mo bá a wí. Mo ní iṣẹ́ jàǹdùkú nìyẹn. Nígbà tó lọ jẹun, mo mú púláyà, mo gé e. Ẹ̀kọ́ kọkànlá nínú ìwé mi dá lórí ooru. Èmi ni mo gba máàkì tó pé nínú rẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ọjọ́ tí mo gbé e dé, Súmbọ̀ tẹ bọ́tìnnì, ó sún etí mọ́ ọn. “Daddy, ṣé ó ti tàn? N kò gbọ́ nǹkan kan!” Ó jó yí tábìlì ká, ó sì ṣàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, nínú oṣù kẹta, ní ọ̀sán gangan, ìgbà tí páànù ilé máa ń gbóná débi pé aláǹgbá kò ní dúró lórí rẹ̀, èéfín jáde lẹ́yìn kọ̀ǹpútà náà. Súmbọ̀ já a kúrò lára ògiri, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Odidi ìwé mẹ́rin tó ti kà sínú rẹ̀ bá a lọ. Mo gbé e lọ sí ìsọ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo dá nìkan tú u. Inú páwà páàkì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo yọ́ léèdì, mo fi lẹ wáyà tí mo gé padà, mo nu ojú ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀. Mo rò pé ibi tó burú jù nìyẹn. Kò tíì burú.

Mo padà lọ sí Ìkòsí. Àwọn ayálégbé ti pé jọ sí àgbàlá, Bàbá Ògúntúndé, onílé, sì wà láàárín wọn. Mo ní, “Iná ló jó o. Ẹ yẹ wáyà ilé yìí wò.” N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sídìí fún un. Ní Èkó, bí nǹkan bá ti jóná, iná la máa ń dá lẹ́bi. Nígbà tí iná kò sì ṣeé mú, a ó mú ẹni tó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Muideen, ọ̀dọ́ tó ń tún iná ṣe ládùúgbò, ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ló tún gbogbo wáyà ilé náà ṣe. Ó sáré wá, ó ń bẹ̀ mí: “Ọ̀gá Shittu, mo fi mítà yẹ gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé yìí wò. Ẹ jẹ́ kí n rí inú kọ̀ǹpútà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré.” Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní, “Ìwọ ta ni? Ìwé wo lo kà?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Muideen Jóná. Onílé gba iṣẹ́ iná ilé rẹ̀ méjì yòókù lọ́wọ́ Muideen kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra tàtàṣé ní Mile 12. Ọkùnrin kan ru apẹ̀rẹ̀ tòmátò méjì léra wọn, ó ń pariwo, “Ẹ yà o! Ẹrù ń bọ̀ o!” Mo yà. Ó rí mi, ó sọ ẹrù náà kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ọjà. Muideen ni. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń ru ẹrù. Ó ní, “Ọ̀gá, n kò fọwọ́ kan iná mọ́. Mo ti rò ó títí, n kò rí ibi tí mo ti ṣì í. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, ẹ̀yin lẹ rí i. Ká ní ọmọ kékeré ló ń sùn nínú yàrá yẹn ńkọ́? Ọwọ́ mi ni kò dára. Ẹ ṣeun tí ẹ tètè sọ ọ́.” Mo ti múra de ọjọ́ tí yóò bú mi. N kò múra de ọpẹ́. Láti ìgbà náà, n kò lè jókòó lójú kan. N ó mú irinṣẹ́, n ó gbé e sílẹ̀. N ó jáde sí òpópónà, n ó padà láìra nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ra gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà mìíràn, pẹ̀lú páwà páàkì tuntun nínú páálí tí a kò tíì ṣí, mo sì ránṣẹ́ pe Muideen sí yàrá Súmbọ̀.

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, Súmbọ̀ pariwo. “Daddy! Ẹ̀yin? Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń wo ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni wo olè!” Muideen mú páwà páàkì tó jóná, tí mo gbé wá, ó wo ojú ibi tí mo so pọ̀. Ó ní, “Léèdì yín mọ́ tónítóní.” Ọ̀rọ̀ náà gún mi ju èébú lọ. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó fò sẹ́yìn. “Ẹ dìde, Ọ̀gá! Àgbàlagbà bíi tiyín! Ṣé ẹ fẹ́ kó èpè bá mi ni?” Mo dìde, mo de sukúrù tó kù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì wò kí a tó tan nǹkan. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó gba mítà lọ́wọ́ mi. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá ki kọ̀ǹpútà bọ iná fúnra rẹ̀. Ó tàn. Fáànù inú rẹ̀ ń yí, a ń rí i, a kò gbọ́ ọ. Súmbọ̀ kàwé díẹ̀ sínú máìkì, a sì tẹ́tí sí i: ohùn rẹ̀ nìkan ni. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó jó yí tábìlì ká.

Mo ní, “Muideen, dárí jì mí.” Ó ní, “Ọ̀gá, àwa mẹ́ta péré la wà níbí. Ọjọ́ tí ẹ bà mí lórúkọ jẹ́, gbogbo àgbàlá ló wà níta.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ oníṣẹ́ tí mo ti bá wí rí, ohun tí ẹ bá dà nù kọ́ ni mò ń sọ lónìí. Odidi ènìyàn ni mo fi ṣòfò nítorí ògbólógbòó irin. Ẹ ra ohun tó yẹ kí ẹ rà. Bí ẹ bá sì ṣì í, ẹ sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó rù ú. Ẹ̀yin ará Ìkòsí, ẹ foríjì mí, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dá iṣẹ́ Muideen padà fún un.

Mo kó irinṣẹ́ mi sínú àpò, mo jáde sí àgbàlá. Àwọn obìnrin ń pọnmi, Bàbá Ògúntúndé jókòó lórí àga rẹ̀. Mo dúró sí ibi tí mo dúró sí nínú oṣù kẹta, mo sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ohùn kan náà. Nígbà tí mo parí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo kọ àpò kọ́ èjìká, mo gba ẹnu géètì jáde.