Ọkọ̀ Ogun Tó Wà Nínú Àpótí Aṣọ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ óò ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má tètè dá mi lẹ́jọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi pa á mọ́. Ọkọ mi kò mọ̀, ọmọ mi kò mọ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé bàbá tí mo ṣẹ̀ kò ní pẹ́ kú mọ́, ọmọ rẹ̀ sì ní kí n wá wò ó ní Sátidé.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe ní Chicago níbí. Chatham ni mò ń gbé, Skokie ni ilé bàbá náà wà. Ọkọ̀ ojú irin méjì ni mo máa ń wọ̀ débẹ̀ láràárọ̀. Ọmọ Japan ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ pé. Òun ló máa ń rán mi létí ọjọ́ tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí. Ọ̀gá Atukọ̀ ló ń pè mí. "Ọ̀gá Atukọ̀, o fi ìṣẹ́jú méjì pẹ́ lónìí. Ṣé kí n jù ọ́ sómi?"

Lórí pẹpẹ kékeré kan nínú pálọ̀ rẹ̀ ni ọkọ̀ ogun ojú omi kékeré kan tí wọ́n fi igi gbẹ́ wà. Kò gùn ju apá mi lọ. Bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, bàbá rẹ̀ ń da èédú sínú iná nínú ojúlówó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Mẹ́wàá ni wọ́n kàn, wọ́n sáré kàn wọ́n nítorí ogun, orúkọ igi ni wọ́n sì sọ gbogbo wọn. Sugi ni ti bàbá rẹ̀. Wọ́n rán an lọ sí òkun jíjìn lápá Yúróòpù láti máa ṣọ́ àwọn ọkọ̀ tó ń kó ọmọ ogun. Igi sugi gan-an ni bàbá rẹ̀ fi gbẹ́ ti orí pẹpẹ náà.

Láràárọ̀, á gbé ìrẹsì díẹ̀ àti omi síwájú ọkọ̀ náà àti fọ́tò bàbá rẹ̀. Á lu agogo kékeré kan, á tẹríba. Ó ní bí àwọn ṣe ń rántí òkú àwọn nìyẹn. Èmi ni mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu eruku ara ọkọ̀ náà.

Lọ́dún náà, Bùsọ́lá ọmọ mi ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò nọ́ọ̀sì. A ní ẹgbẹ́ àdúrà kan tí a máa ń ṣe lórí fóònù. Mo sọ̀rọ̀ pẹpẹ náà fún Ìyá Tósìn tó ń darí wa. Ó pariwo.

"Háà, Ìyá Bùsọ́lá! O fi ti ilé bàbá rẹ sílẹ̀, o wá wọ ọkọ̀ òfuurufú wá máa nu eruku òrìṣà olórìṣà! Báwo lọmọ rẹ ṣe fẹ́ yege?"

Ó ní kí n gbé e, kí n jù ú sínú omi ńlá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sípò mi. Bùsọ́lá kì í jẹun mọ́, kì í sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà mí.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó kù díẹ̀ kí n ṣíwọ́ ní ọ̀sán, bàbá wà nínú ilé ìwẹ̀. Mo fi aṣọ ìnura wé ọkọ̀ náà, mo gbé e sínú báàgì mi. Mo gbé e lọ sí etí adágún. Òtútù ti sọ omi di yìnyín, ó kọjá ibi tí mo lè ju nǹkan dé. Bí mo bá jù ú, orí yìnyín ni yóò jókòó sí, gbogbo ènìyàn á máa wò ó. Mo dúró títí ìka mi fi kú. Mo gbé e lọ sílé, mo fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi.

Nígbà tí mo padà débẹ̀ láàárọ̀, bàbá ń wá a kiri, kódà nínú fíríìjì. "Ọ̀gá Atukọ̀, ṣé o rí Sugi?" Mo ní rárá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin dé. "Dádì, ẹ rántí dáadáa. Níbo lẹ gbé e sí?" "Mi ò gbé e síbì kankan!" Bàbá wò mí. Èmi wo ilẹ̀.

A ní ìwé kan tí a máa ń kọ ìṣe ọjọ́ sí: ohun tó jẹ, oògùn tó lò, ìgbà tó sùn. Bó bá jẹ ìlàjì búrẹ́dì, ìlàjì ni mò ń kọ. N kò kọ irọ́ síbẹ̀ rí. Lọ́jọ́ náà mo kọ ọ́ pé: "Bàbá gbé ọkọ̀ rẹ̀ kiri lánàá. Kò rántí ibi tó gbé e sí. Ó ń fura sí ènìyàn." Mo sì buwọ́ lù ú.

Ọmọ rẹ̀ mú ìwé náà lọ bá dókítà. Ó sọ fún dókítà pé, "Obìnrin yìí kì í ṣàṣìṣe." Oṣù méjì kò pé tí wọ́n fi kó bàbá lọ sí ilé àwọn arúgbó, sí apá ibi tí wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn láti ìta. Wọ́n ta ilé rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó di ọwọ́ mi mú. "Ọ̀gá Atukọ̀, má bínú pé mo fura sí ọ. Orí mi ló ti bàjẹ́."

Èmi tí mo ṣẹ̀ ẹ́ ló ń bẹ̀. Mo sì gbà.

Bùsọ́lá yege ní ìgbà kẹta. Ìyá Tósìn ní, "Ṣé o rí i?" Mo ṣe àmín. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé ọ̀rẹ́ òun kan ló jókòó ti òun, tí àwọn jọ kàwé fún oṣù mẹ́rin.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ bàbá pè mí. Ó ní bàbá kò jẹun mọ́. Ó ní láràárọ̀, ó ń gbé ife omi sójú fèrèsé, níbi tí kò sí nǹkan kan, ó sì ń bẹ bàbá rẹ̀ tó ti kú pé òun sọ ọkọ̀ wọn nù. Ó ní, "Ẹ wá. Ó ṣì ń dárúkọ yín."

Bí mo bá gbé ọkọ̀ náà lọ, ọmọ rẹ̀ yóò mọ̀ pé orí bàbá òun pé nígbà tí òun ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. N kò mọ bí yóò ṣe fara da ìyẹn. Bí n kò bá gbé e lọ, bàbá yóò kú pẹ̀lú irọ́ tí mo kọ sínú ìwé. Mo rò ó láti rọra gbé e sẹ́nu ọ̀nà wọn kí n sá lọ, ṣùgbọ́n irọ́ mìíràn nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti bá ẹni tí ẹ ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ rí, kí lẹ kọ́kọ́ sọ? Ṣé kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ni, àbí kí n gbé ọkọ̀ rẹ̀ lé e lọ́wọ́ ná?

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti gbé Sugi jáde sórí tábìlì, mo ti nu eruku ara rẹ̀. Kò sí ibi tó ṣẹ́. Mo bu omi sínú ife kan, mo gbé e síwájú rẹ̀. Kì í ṣe pé mò ń bọ ọ́ o. Ó kàn jẹ́ pé láti ọdún mẹ́ta, kò sẹ́ni tó fún un lómi.