Ọwọ́ Tí N Kò Jù sí Wilf

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ife yín kalẹ̀ ná. Beryl, alága ẹgbẹ́ wa, ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀, torí ó mọ̀ pé ìpàdé ọdún yìí lè jẹ́ èyí tí mo máa bá yín ṣe kẹ́yìn. Dókítà ti sọ tirẹ̀, ẹ̀yin náà sì ń rí bí kọ́ọ̀tù mi ṣe ń tóbi jù mí lọ. Ẹ rò pé ìtàn tí mo máa ń sọ ni mo tún fẹ́ sọ, bí mo ṣe ra ọkọ̀ Aldermere mi lọ́wọ́ àlùfáà kan tó fi í ṣe ilé adìyẹ. Ìyẹn kọ́ lónìí. Ohun kan wà níkùn mi tí n kò fẹ́ kí wọ́n sin mọ́ mi, torí orúkọ ẹlòmíràn ni mo fi bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ rántí ọdún tí àwòrán ọkọ̀ tuntun náà jáde. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ti ilé-iṣẹ́ Aldermere pa, àwa tó ní ògbólógbòó rẹ̀ là ń tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ òrukàn. Àfi bí àwọn olówó kan láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù ṣe ra orúkọ náà, wọ́n ní àwọn fẹ́ jí òkú dìde. Inú wa dùn, àmọ́ ara ń fu wá. Inú ilé ọtí yìí náà la wà lọ́jọ́ tí àwòrán náà bọ́ sórí fóònù. Rodney ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbé fóònù náà fún ẹni tó jókòó tì í. Ojú róbótó méjì tí gbogbo ayé fi ń dá Aldermere mọ̀ ti lọ. Iná tín-ín-rín méjì ló wà níbẹ̀, bí ojú ẹni tí oorun ń kùn, ẹnu rẹ̀ tó máa ń rẹ́rìn-ín sì ti di gbàgà. Ẹnì kan ní fíríìjì tó dùbúlẹ̀ ni. Ẹnì kan ní ó jọ ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ìyá ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ wá gbé. Beryl, tí kì í gbé ohùn sókè, béèrè pé, "Ta ló ṣe é báyìí?" bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ni wọ́n nà lójú títì. Èmi, aláìnítìjú, èmi ni mo mi orí jù.

Wilf Ockenden nìkan ló gbé fóònù náà súnmọ́ ojú, tó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ẹ fara balẹ̀ jàre. Ìdí rẹ̀ dáa. Ẹ wo bí èjìká rẹ̀ ṣe rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí táyà. Tiwa yìí náà, nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ọpọ́n ìwẹ̀ ni bàbá mi ń pè é." Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú.

Kò pẹ́ sí i ni agbẹnusọ ilé-iṣẹ́ náà sọ nínú ìwé ìròyìn pé àwọn kò dá a ṣe. Ó ní àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa ti wá wò ó, òun ló sì sọ pé ojú róbótó ti sú àwọn tó ni ọkọ̀ náà. Beryl ka ìròyìn yẹn sétí wa lórí ìdúró. Ó ní, "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọ̀kan nínú wa ni." Láti ọjọ́ yẹn, tíì tí a jọ ń mu kò dùn mọ́. Ẹni tó bá ra bàtà tuntun, a ó máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ síta lọ dáhùn fóònù, a ó dákẹ́ títí á fi wọlé. Àwọn tó máa ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí ará yòókù lè yọjú wò ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á dé. Èmi náà ń fura pẹ̀lú wọn. Olè ló ń bá wọn pariwo olè.

Èmi ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi Leonard Tapscott ni mo lọ.

Nígbà tí ewé ń rú lọ́dún yẹn, kí àwòrán náà tó jáde, ni ilé-iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí mi, wọ́n sì ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n mú mi wọ yàrá ńlá kan ní Telford, ọkọ̀ kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ wà láàárín rẹ̀. Ojú tiwa gan-an ló ní, róbótó méjì, tòun ti ẹ̀rín. Ó rẹwà púpọ̀. Ọmọbìnrin kan tí amọ̀ kún ọwọ́ rẹ̀ bi mí pé, "Ọ̀gbẹ́ni Tapscott, ṣé òun nìyí?" Òun ni. Ohun tó yẹ kí n sọ nìyẹn. Àmọ́ ohun tí mo ń rí ni gbogbo lọ́yà Lọ́ńdọ́ọ̀nù tí yóò máa gbé ojú yẹn kiri, àti ọmọ kékeré kan létí ọ̀nà tí yóò nàka sí tèmi pé, "Ẹ wo ògbólógbòó tó ń fara wé tuntun yẹn." N kò bímọ. Ojú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń kí mi nígboro. Ìlara gbé mi dè. Mo ní, "Ẹ yọ ojú yẹn kúrò. Ó ti sú gbogbo wa nínú ẹgbẹ́." Kò sí ẹni tó rán mi. Ọmọbìnrin náà mú ọ̀bẹ, ó tún wò mí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ojú òsì dànù. Mo dúró, mo ń wò ó.

Ọkọ̀ mi wà lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì lọ́jọ́ yẹn. Wilf ló yá mi ní tirẹ̀, aláwọ̀ ewé yẹn. Mo purọ́ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fẹ́ lọ wò nílé ìwòsàn ní Coventry. Ó tún fi bísíkíìtì agolo kan sínú ọkọ̀ pé kí n bá òun fún un. Mo jẹ bísíkíìtì náà lójú ọ̀nà.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí ewé ń já, tí Rodney dìde nínú ìpàdé pé àna òun rí Aldermere aláwọ̀ ewé lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà ní Telford, tó dárúkọ ọjọ́, tó pe nọ́ńbà rẹ̀, gbogbo ojú yí sí Wilf. Òun ló yin ọkọ̀ tuntun tẹ́lẹ̀, kí ni wọ́n tún ń wá? Wilf kò wo Rodney. Èmi ló ń wò. Kò bínú. Ó dà bí ẹni tó di ilẹ̀kùn mú fún èèyàn, tó ń dúró kí onítọ̀hún kọjá.

Beryl ní, "Wilf, ṣé o lọ síbẹ̀?"

Ó ní, "Rárá."

"Ta ló wá wa ọkọ̀ rẹ lọ?"

Ó ṣì ń wò mí. Beryl bá yíjú sí mi, torí àjọrìn ni èmi àti Wilf. "Leonard, ìwọ ńkọ́? Ṣé o mọ nǹkan kan?"

Mo ní, "Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mo wà lọ́jọ́ yẹn, nílé ìwòsàn. N kò mọ ibi tí Wilf wà."

A kò lé e. Àwa kì í lé èèyàn. Ọwọ́ nìkan la ká kúrò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ rò pé eré ni, bí Aldermere méjì bá pàdé lọ́nà tí a juwọ́ síra wa. Nínú òjò, nínú kùrukùru, ọwọ́ á lọ sókè. Àwọn kan wà nínú wa tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ rí ju ìyẹn lọ, síbẹ̀ wọ́n sunkún nígbà tí èkejì kú. Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé bá ń kọjá, ọwọ́ kan kò kúrò lórí sítíárìn.

Ẹ ti rò pé irọ́ yẹn ló burú jù. Rárá o. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo pàdé rẹ̀ lórí òkè Wenlock. Kò sẹ́ni níwájú, kò sẹ́ni lẹ́yìn, àfi àgùntàn. Ó rí mi láti òkèèrè, ó sì nawọ́ sókè bíi ti àtijọ́. Ó mọ ohun tí mo ṣe, ó sì juwọ́ sí mi. Ta ni ì bá rí mi tí mo bá dá a lóhùn? Àmọ́ mo ní bóyá ẹnì kan wà lẹ́yìn ọgbà. Ìfura tí mo dá sílẹ̀ ti wọ èmi náà lára. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú, mo tejú mọ́ ọ̀nà bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Nínú dígí ẹ̀yìn ọkọ̀, mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè.

Lẹ́yìn ìyẹn ló ti ọkọ̀ náà mọ́lé. Ọjọ́ kan la pàdé ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn, mo sì bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé. Ó ní, "Mo rò pé o máa sọ ọ́ fúnra rẹ ni. Mo ń dúró." Ó kú ní Fẹ́búárì tó kọjá yìí. Kò sí Aldermere kan níbi ìsìnkú rẹ̀, tèmi náà kò sí níbẹ̀.

Rodney, mo rí tuntun tí o rà níta, olójú tín-ín-rín. O ní ó ti mọ́ ẹ lójú, o ní ìdí rẹ̀ dáa. Ohun tí Wilf sọ náà nìyẹn. Ẹ ti dárí ji ọkọ̀ náà tipẹ́.

Obìnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, Gillian ọmọ Wilf ni. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó wá, kó sì gbé ọkọ̀ bàbá rẹ̀ wá, kò mọ ìdí rẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Gillian, mo ṣẹ bàbá rẹ, mo sì ṣẹ ìwọ náà. N kò ní ní kí o dárí jì mí níṣojú èèyàn, kó má baà dà bíi pé mo fi ojú àwùjọ fipá gbà á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá bi yín léèrè, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Bó bá di ọjọ́ kejì, ẹlòmíràn ni yóò máa gbé e kiri fún yín.

Bí Gillian bá fẹ́ máa gbé ọkọ̀ bàbá rẹ̀ lọ lónìí, gbogbo yín, ẹ bọ́ síta, kí ẹ juwọ́ sí i títí yóò fi yà kọ́nà. Tí ẹ bá pàdé tèmi lọ́nà, ẹ di sítíárìn yín mú.