Mùnírù Kọ́ Ló Sọ Fọ́ọ̀mù Náà Nù

Fúnmiọlá, ka ìwé yìí sókè kí ìyá rẹ náà gbọ́. Dókítà ti sọ ohun tó sọ. N kò fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ sàréè.

Ọdún 1992 ni. O wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ò ń múra láti lọ kọ́ òfin ní yunifásítì. Kọ́ọ̀sì mẹ́rin lò ń ṣe, bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ti tó láti fi wọ yunifásítì. Ẹkọnọ́míìsì fẹ́ pa ọ́. O fi fọ́ọ̀mù rán Mùnírù, awakọ̀ tó máa ń bá àwa ará Ìdáṣẹn gbé lẹ́tà. O kọ ọ́ pé: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí i kí n lè yọ kọ́ọ̀sì yìí. Ó ń jẹ gbogbo àkókò mi, àwọn yòókù ti ń bàjẹ́. Wọn kò ní gbà á mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì."

Inú bí mi. Mo ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé kò sí ìwé tí ọmọ mi kò lè kà. Èmi tí n kò kàwé kọjá ilé-ìwé Módà! Kí ni mo mọ̀ nípa Ẹkọnọ́míìsì? Mo ki fọ́ọ̀mù náà sísàlẹ̀ àpótí. Mo rò pé bí kò bá dé, wàá kàwé. Nígbà tí ìyá rẹ bèèrè, mo ní mo ti fi rán Mùnírù padà kó fi sílẹ̀ fún ọ lẹ́nu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ọjọ́ Ẹtì kọjá. O fẹkún wálé ní Sátidé. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà náà. Èmi òmùgọ̀ àgbà!

Ìyá rẹ kó wa lọ sí gáréèjì ní Ọ̀wọ̀. "Mùnírù, fọ́ọ̀mù ọmọ mi dà?"

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ̀yin náà! Ẹran díndín lẹ fi rán mi níjọ́sí, ẹyọ kan kò dín. Ṣé ìwé ni mo máa wá jẹ?"

Nígbà tó rí ojú wa, ó yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Wàláhì, ẹ kò fún mi ní nǹkan kan."

Gbogbo awakọ̀ ń wò mí. Mo ní, "Mo fún ọ. O sọ ọ́ nù."

Alága wọn ní kò gbọdọ̀ gba lẹ́tà ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Jẹ-lẹ́tà. Kò pẹ́ tó fi kó lọ sí Idoani. Ìwọ ní tìrẹ kùnà Ẹkọnọ́míìsì, o sì kùnà méjì mìíràn mọ́ ọn. Òfin bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ọdún méje rèé tí o ti ń kọ́ ọmọdé ní Ute, tí o sì ń bú Mùnírù.

Èmi ni kí o bú. Ṣí àpótí mi. Fọ́ọ̀mù náà wà lábẹ́ agbádá funfun. Ibi ìfọwọ́sí ṣófo.

Dárí jì mí, bí o bá lè ṣe é. Bí àwọn ọmọ rẹ bá sì sọ lọ́jọ́ kan pé kọ́ọ̀sì kan le jù, gbọ́ tiwọn. Ìwọ kọ́ ni yóò jókòó ṣe ìdánwò náà.

Ẹsẹ̀ mi kò lè gbé mi dé Idoani mọ́. Mú fọ́ọ̀mù náà àti ìwé yìí lọ bá Mùnírù ní gáréèjì ibẹ̀, kí o kà á níbi tí gbogbo awakọ̀ wà. Má fi rán ẹnikẹ́ni. Gbé e lọ fúnra rẹ.