Fèrèsé Wà Nínú Yàrá Yẹn

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi jókòó yí tábìlì ká láti ọdún mẹ́fà: ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí kò gbọdọ̀ bá mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n máa fọwọ́ kan ọ̀fun mi. Dókítà ní màá yè é, ṣùgbọ́n ohùn mi lè má padà wá. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi! Kò sẹ́ni tí mò ń bẹ̀rù, ẹ̀yin náà mọ̀, ọ̀gá mi nílé ìtẹ̀wé sì mọ̀ jù yín lọ. Àmọ́ láti ìgbà tí àbúrò mi obìnrin ti gbà láti jókòó sí àga mi, tó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kó àwọn máàpù ilé inú ìtàn yín fún mi o, láìsí wọn mi ò lè darí eré ìtàn wa yìí," mi ò lè wo ojú ẹ̀ mọ́.

Ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Kálukú yín ní akọni tirẹ̀ lórí ìwé, èmi ni mò ń pìtàn, èmi náà ni ọ̀tá yín, dáìsì ló sì ń parí ìjà. Ìjà yín sú mi nígbà yẹn! "Mo gbá a." "Èmi náà gbá a." Bí ẹni ń gbọn eruku kúrò lára kápẹ́ẹ̀tì. Ni mo bá gbé òfin kalẹ̀: ẹni tó bá kàn gbá ọ̀tá, kó ju dáìsì kan, ẹni tó bá lo ohun tó wà nínú yàrá, kó ju dáìsì méjì, kó mú èyí tó pọ̀ jù. Ara yín yá gágá. Gbẹ́nàgbẹ́nà wa tí kì í sọ ju "ó dáa" lọ yí àgbá òróró dànù lẹ́sẹ̀ ọmọ ogun méjìlá, ó sì gun orí àga, ó ń pariwo bí ọmọdé. Àǹtí Télọ̀ ta okùn sẹ́nu ọ̀nà, ẹṣin mẹ́ta dojú bolẹ̀. Bí ẹ bá bi mí pé, "Ṣé àgbá wà níbẹ̀?" màá tẹrí ba sẹ́yìn páálí tí mo fi bo ìwé mi, màá fi ìka wá a kiri, màá ní, "Ó wà." Ẹ ó ní, "Ọkùnrin yìí mà ń ronú o! Ó ti gbé e síbẹ̀ dè wá!" Orí mi á wú.

Irọ́ ni. Kò sí máàpù kankan rí. Ìwé funfun ni, àjákù tí mò ń kó bọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ tí a fi ń gé ìwé níbi iṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ̀ ń fi ìbéèrè yín kọ́ àwọn ilé yẹn, èmi ni mò ń gba ìyìn. Ká ní ó mọ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rín ni ǹ bá fi sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí Ọ̀gágun Onírùngbọ̀n, olórí ọ̀tá yín nínú ìtàn. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ́ bí màá ṣe máa fi ohùn ẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀daràn yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Àbúrò mi bá a ní yàrá òkè, iná ti gba àtẹ̀gùn. Akọni tirẹ̀ ni Ẹsẹ̀-Ológbò, ọdún mẹ́rin ló ti ń tọ́ ọ bọ̀. Ó rọra ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé fèrèsé wà lẹ́yìn ẹ̀? Mo fẹ́ so aṣọ fèrèsé mọ́ ọn lọ́rùn, kí n di etí kejì mú, kí n fò jáde, kí ìwúwo mi wọ́ ọ lulẹ̀." Gbẹ́nàgbẹ́nà ti dìde dúró. Mo rí i pé á ṣeé ṣe. Mo rí i pé Ọ̀gágun mi ti kú. Mo tẹjú mọ́ ìwé funfun, mo ní, "Kò sí fèrèsé. Máàpù ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Yàrá òkè wo ni kò ní fèrèsé?" Gbẹ́nàgbẹ́nà figbe ta. "Ta ló kọ́ ilé yẹn?"

"Ìwọ tí o mọ iṣẹ́, lọ bá wọn gbẹ́ ẹ," ni mo dá a lóhùn. Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Ẹnu burúkú!

Àbúrò mi ní, "Ó dáa. Mo gbá a." Dáìsì kan. Ení ló já, Ẹsẹ̀-Ológbò sì kú. Ó ká ìwé Ẹsẹ̀-Ológbò sí mẹ́rin, ó fi sínú báàgì, ó tún wá ń tù mí nínú: "Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá mi, bí ilé náà ṣe rí nìyẹn." Láti ọjọ́ náà, ọdún méjì gbáko, akọni mìíràn ló ń lò, "mo gbá a" nìkan ló sì ń sọ. Èmi yìí kan náà ni mo wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí ẹ̀ ti gbẹ.

Àbúrò mi, fáìlì tí mò ń kó àwọn máàpù yẹn sí ló wà nídìí lẹ́tà yìí. Òfìfo ni gbogbo ìwé inú ẹ̀, àyàfi ọ̀kan. Àná ni mo fi rúlà fa yàrá òkè yẹn. Fèrèsé ẹ̀ fẹ̀, kò ní irin, mo sì ya aṣọ sí i. Dárí jì mí. Tí wọ́n bá bi ọ́ bóyá nǹkan wà nínú yàrá, ní ó wà, bó tilẹ̀ máa pa ọ̀daràn tí o fẹ́ràn jù. Má fi ìwé tí kò sọ nǹkan kan pa ẹnu ẹnikẹ́ni mọ́. Tí mo bá dé láìlóhùn, ẹ fún mi ní àga láàárín yín, màá máa kọ ìbéèrè mi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́bọ̀, kí n tó lọ, jẹ́ kí n darí ìjà kan sí i. Mú Ẹsẹ̀-Ológbò jáde nínú báàgì. Iná ti gba àtẹ̀gùn, Ọ̀gágun dúró sẹ́yìn tábìlì, fèrèsé ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀. Kí lo máa ṣe? Dáìsì méjì ni.