Ọjọ́ tí Ìyá Ìjù Jókòó Lórí Igbà Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, Ràṣídátù ọmọ ọmọ mi, Ọ̀tà yìí kò rí báyìí rárá. Sango tí ẹ ń pè ní Sango yìí, igbó ni. Níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ yẹn wà, ọ̀pẹ ló dúró síbẹ̀, ọ̀pẹ lọ súà... Ayé òyìnbó ni. Epo àti èkùrọ́ ni wọ́n ń wá kiri.

O ní ohun tí ò ń kọ́ ní yunifásítì ni bí wọ́n ṣe ń gba ẹni tí ayé ti sú nímọ̀ràn. Ó dáa. Àwa náà ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyá Ìjù là ń pè é. Ẹ gbọ́, kì í ṣe oníṣègùn o, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìyàwó ààfáà. Opó ni, ẹ̀gúsí ló ń tà. Ṣùgbọ́n bí ayé bá sú ẹnikẹ́ni láti Ìjù dé Alápòtì, òun ni wọ́n máa ránṣẹ́ pè. Á di ẹrù rẹ̀, á wá bá yín gbé. Ẹ̀yin ẹ wá ní kí ènìyàn wá sí ọ́fíìsì fún wákàtí kan! Ta ló ń mọ ènìyàn ní wákàtí kan?

Bàbá mi, Làmídì, ọ̀kọpẹ ni. Ẹyìn ló ń kọ o, kì í dá ẹmu, mùsùlùmí ni. Tó bá ti fi igbà, okùn tó fi ń gun ọ̀pẹ, kọ́ ọ̀pẹ báyìí, orin ni á máa kọ títí á fi dókè, àwa tí à ń ṣa ẹyìn nísàlẹ̀ á máa gbè é. Ayé dùn! Ló bá di ọjọ́ kan, ó ré bọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kán. Wọ́n tò ó, ó jinná, àmọ́ kò lè gun ọ̀pẹ mọ́.

Ẹsẹ̀ yẹn kọ́ ló dẹ́rù bà wá. Bí bàbá mi ṣe dákẹ́ ni. Ó kọjú sí ògiri. Ìyá mi á gbé oúnjẹ wọlé fún un, á jẹ òkèlè mẹ́ta péré. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tó sọ fún ìyá mi pé, "Sàlámọ̀tù, kí ni mò ń ṣe láyé gan-an?" Ẹni tó bá ń béèrè bẹ́ẹ̀, ṣé ó ṣì wà lọ́dọ̀ yín?

Ìyá mi ní kí n gbé igbà rẹ̀ pamọ́ sí àjà, kó má baà máa rí i, kó má baà máa ronú. Mo gbé e pamọ́. Àwọn aládùúgbò tó máa ń kí i pé "Igbà á rọ̀ o!", wọn ò kí i bẹ́ẹ̀ mọ́. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú" ló kù. Àánú ni. Gbogbo wa wá ń rìn jẹ́jẹ́ nínú ilé bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, wọ́n ránṣẹ́ sí Ìyá Ìjù.

Ó dé, kò bá bàbá mi sọ nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Àwa ló ń bi léèrè. Ṣé ó ń sùn? Ta ló ń bá a jẹun? Ìgbà wo ló lọ mọ́sálásí kẹ́yìn? Ìyá mi ní ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò lòun ń bù fún un. Ìyá Ìjù wò ó. Ó ní, "Ẹran lo fún un. Ta ló fún un ní ẹ̀rín?"

Lọ́jọ́ kẹrin, ó ní kí n gbé igbà wá. Ẹ gbọ́ o... nílé wa nígbà yẹn, obìnrin kì í ré igbà kọjá, ká má tíì sọ pé kó jókòó lé e. Ìyá Ìjù ká igbà sẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá mi, ó jókòó lé e bàmù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí! Ìyá mi sá jáde.

"Ìyá!" Ohùn bàbá mi nìyẹn. "Ìyá, ẹ dìde! Igbà lẹ jókòó lé yẹn!"

"Igbà ni? Mo rò pé àkísà ni. Orí àjà ni wọ́n ti gbé e wá."

"Ta ló gbé e sí àjà? Èéfín á gbẹ ẹ́, á já! Ṣé ẹ fẹ́ pa ènìyàn ni?"

"Wá gbé e fúnra rẹ. Èmi ti darúgbó, mi ò lè dìde."

Bàbá mi jáde, ọ̀pá lọ́wọ́ kan, ìbínú lọ́wọ́ kejì. Ó fa igbà, ó fà á, Ìyá Ìjù ò mira, ó ń ju ẹ̀gúsí sẹ́nu. Nígbà tó yá, ẹ̀rín pa bàbá mi. Ó rín in títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá mi ti padà wọlé, ó ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé mo ń fò sókè bí ọmọdé.

Ìyá Ìjù kọjú sí wa. "Ọ̀pẹ ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ẹ̀yin ẹ fi àánú ṣẹ́ ìyókù."

Kò lọ o. Láràárọ̀, ó ń fi omi gbígbóná àti àdí àgbọn wọ́ ẹsẹ̀ náà. Ó ní kí bàbá mi máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ mọ́sálásí, kí ẹnikẹ́ni má dì í mú. Inú abọ́ kan náà ni gbogbo wa ti ń jẹun, a ń jà sí ẹran. Ó wá pe àwọn ọ̀kọpẹ tó kù, ó ní kí wọ́n máa gbé igbà wọn wá kí Làmídì yẹ̀ ẹ́ wò. "Ẹni tó ti já bọ́ ló mọ ibi tí igbà ti ń já." Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í hun igbà fún wọn. Láti Igbẹ̀sà ni wọ́n ti ń wá! Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, bàbá mi tòun tọ̀pá rẹ̀ ló jọ jó.

Ayé ti yí padà... Ẹ ní ọ́fíìsì, ẹ ní àga tìmùtìmù. Kò burú. Àmọ́ ìwọ, tó o bá dé ipò yẹn, béèrè ẹni tó ń bá àwọn tí ayé sú jẹun.

Ṣé kí n sọ òótọ́ fún ọ? Láti ìgbà tí ẹ ti mú mi wá sí Sango yìí, ẹ ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ ó gbé omi ìwẹ̀, ẹ ó fọ aṣọ. "Màmá, ẹ jókòó, ẹ sinmi." Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá mi. Dìde, lọ gbé ilá tí ẹ fẹ́ sè wá, kí n rẹ́ ẹ. Mú ọ̀bẹ wá pẹ̀lú. Èyí tó mú o!